Ẹ̀dà Àfipamọ́ Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kùnà Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Ọ́fíìsì Kútọnu

Ẹ̀dà àfipamọ́ ni àdàkọ fáìlì tí ọ́fíìsì ń tọ́jú sí ibòmíràn, kí iṣẹ́ ọdún pípẹ́ má baà bá kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ tàbí tí olè bá gbé e. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é ní wákàtí tí a dá fún un, pàápàá lóru. Bí kò bá ṣiṣẹ́ rárá, kì í pẹ́ tí a fi ń rí i. Èyí tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tó kùnà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó tún ṣiṣẹ́ lọ́jọ́rú ló léwu jù, nítorí ẹni tó ń bójú tó o á tún un bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, á parí láìsí wàhálà, ọ̀rọ̀ á sì di ìgbàgbé.

Ní Kútọnu, òfin pàápàá kò jẹ́ kí ọ́fíìsì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin ìṣirò owó ti OHADA, àjọ òfin òwò tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń tẹ̀ lé, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé owó rẹ̀ fún ọdún 10. Òfin ayélujára ilẹ̀ Benin, ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, sì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá gba ìsọfúnni àwọn ènìyàn sílẹ̀ pé kó dáàbò bò ó. Àjọ APDP ló ń ṣọ́ èyí.

Ìkùnà tó ń wá tó ń lọ ní ìdí, ìdí náà sì ní àkókò tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yí ètò kankan padà, ó yẹ kó kọ ọjọ́ àti wákàtí gbogbo ìkùnà oṣù bíi méjì sẹ́yìn sílẹ̀, kó sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́fíìsì àti nílùú nígbà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìgbà tí iná lọ, ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dá, ọjọ́ tí ẹnì kan pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, òpin oṣù tí àwọn oníṣirò owó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo yìí máa ń fi ohun tí ọgọ́rùn-ún àtúnbẹ̀rẹ̀ kò lè fi hàn hàn. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá kùnà pọ̀, ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni kí a yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló ń kùnà, òun gan-an ni kí a tú wò.

Iná ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fura sí. Láti ọdún 1968 ni Benin àti Tógò ti jọ dá àjọ CEB sílẹ̀ láti máa wá iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, Gánà ni wọ́n sì ti rà púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí omi ìdídò Akosombo ní Gánà fà sẹ́yìn ní 1998, àti ní 2006 sí 2007, òkùnkùn ṣú ní Kútọnu pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Maria-Gléta, tó ní agbára mẹ́gáwáàtì 127, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, iná sì ti dára sí i. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta kí ẹ̀dà tó bàjẹ́. Bó bá ṣẹ́jú péré, sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín, tó wà lórí onduleur (bátìrì tó ń gbé e ró bí iná bá lọ) kò ní mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ switch kékeré tó wà lọ́ọ̀dẹ̀, tó ń so wáyà nẹ́tíwọ̀kì pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí so mọ́ onduleur, á kú, á sì tún jí. Láàárín ìṣẹ́jú náà, sẹ́fà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí ọ̀nà dé ibi ìpamọ́. Láàárọ̀, gbogbo nǹkan ti padà sípò, ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní rí àbùkù kankan.

Èyí tó tún fara pa mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú Windows. Iṣẹ́ tí a bá dá àkókò fún nínú Task Scheduler kì í bẹ̀rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ń lo bátìrì, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dúró nígbà tí iná bá lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a fi okùn USB so mọ́ onduleur náà lè ka ara rẹ̀ sí ẹni tó wà lórí bátìrì. Àmì méjì tó ń fa èyí ni a ó yọ kúrò nínú ètò iṣẹ́ náà, kí a sì fi òmíràn sí i tó máa mú kí iṣẹ́ tó bá fo àkókò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kété tó bá ti ṣeé ṣe. Ìyẹn ló máa ran ọ́fíìsì tí ẹni tó jáde kẹ́yìn ti ń pa iná gbogbo ilé lọ́wọ́.

Aago náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a tò ní èdè Faransé ń lo aago Paris. Ní ìgbà òtútù, aago Paris àti ti Kútọnu bára mu. Ṣùgbọ́n láti Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, Paris fi wákàtí kan ṣáájú, lóru tí wọ́n sì ń yí i padà ní oṣù Kẹta, aago 2:30 kò sí rárá. Bí ẹnì kan bá wá fọwọ́ fa aago sẹ́yìn dípò kó yí agbègbè rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà náà ti fi wákàtí kan yàtọ̀ sí sẹ́fà. Kerberos, tó ń ṣàyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ wọlé nínú nẹ́tíwọ̀kì Windows, kì í gbà ju ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 5 lọ. Ó kọ̀ ọ́, aago tún ara rẹ̀ ṣe, ó gbà á, ẹnì kan tún wá fa aago sẹ́yìn. Agbègbè tó tọ́ ni “West Central Africa” nínú Windows, tàbí “Africa/Porto-Novo” nínú Linux.

Nínú nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ibi ìpamọ́ lè yí padà bí a kò bá dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́tà díìsìkì bíi Z: tí òṣìṣẹ́ ń rí kì í sí nígbà tí kò bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ojú ọ̀nà kíkún ni kí a kọ. Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun máa ń jẹ ẹnu wáyà. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn ni pé kọ̀ǹpútà Windows lásán tí a sọ di sẹ́fà kì í gbà ju ìsopọ̀ 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà: lọ́jọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá wá, ẹ̀dà á kùnà, lọ́jọ́ tí ènìyàn dín, á parí.

Àwọn tó ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí òkè òkun náà rí tiwọn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, tí Benin sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Ẹ̀dà kan nílé, òmíràn níta, ni ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹ má gba ìròyìn ẹ̀rọ gbọ́ láìwádìí. Robocopy, irinṣẹ́ tí Windows fi ń da fáìlì kọ, ń dá nọ́ńbà 1 padà nígbà tó bá ti da fáìlì kọ dáadáa, àwọn kan sì ń pè é ní ìkùnà. Láti 8 lọ sókè ni kí a bẹ̀rù. Ìdákẹ́jẹ́ tún burú ju ariwo lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣèèṣì pa ibi ìpamọ́ dátà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà, ibi tó yẹ kó wà ṣófo: irinṣẹ́ ìdákọ ẹ̀yà 9.2 ti PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà wọn, ni wọ́n ń lò fún ẹ̀yà 9.6, ó ń kùnà, lẹ́tà ìkìlọ̀ tó ń kọ kò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé wọ́n ń kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀rí tó dájú ni kí a dá fáìlì padà. Lóṣooṣù, kí ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú ètò náà mú ìwé owó ọdún tó kọjá jáde látinú ẹ̀dà, sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí oníṣirò owó ṣí i, kó sì fi àròpọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀.