Igi, Iná àti Ilẹ̀dú Nínú Igbó Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rá ilẹ̀ igbó kìjikìji kò jinlẹ̀ tó bí gíga igi rẹ̀ ṣe lè mú ènìyàn rò, nítorí pé apá tó pọ̀ nínú oúnjẹ ilẹ̀ wà nínú ewé, ẹ̀ka àti gbòǹgbò, tí ilẹ̀dú, ìyẹn erùpẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ekòló ń pèsè, kò sì ju ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ lókè ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ á ṣán igbó, wọ́n á sun ún, wọ́n á gbin iṣu àti àgbàdo fún ọdún díẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó di igbó padà. Wọn kì í hú kùkùté, wọn kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀pẹ. Nítorí náà ni igbó fi ń tètè padà sí ipò rẹ̀.

Ní 1899 ni ìjọba amúnisìn ya Olókeméjì, tó wà lẹ́bàá odò Ògùn láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ìjọba, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ dáko láìgbàṣẹ. Níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1929: wọ́n ń sun abala ilẹ̀ kan lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, wọ́n ń sun òmíràn ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ táútáú, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá. Nígbà tó fi máa tó ọgbọ̀n ọdún, ìkẹta ti di igbó, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sì wà láàrin méjèèjì. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí gbogbo wọn. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jó ewé tí ì bá di ilẹ̀dú, tó sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò de àkọ́rọ̀ òjò.

Igi pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀. Tíìkì, tí wọ́n mú wọ Nàìjíríà láti Éṣíà ní 1902, jẹ́ gedú àtàtà, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ fẹ̀ débi pé omi òjò ń kóra jọ sórí rẹ̀, á wá já bọ́ lulẹ̀ ní ẹ̀kán ńláńlá, bẹ́ẹ̀ ìdí igi náà kì í sábà ní koríko tó lè gba erùpẹ̀ lọ́wọ́ àgbàrá. Àyùnrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ irúgbìn, láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Kòkó, ní tirẹ̀, máa ń bo ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ná an díẹ̀díẹ̀: eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú kún fún pòtáṣíọ̀mù, inú ilẹ̀ oko gan-an ni èyí sì ti jáde, kì í sábà padà síbẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni ti èpò kan tí a gbà pé ó bá èso igi gmelina láti Ṣìrì Láńkà wọ Nàìjíríà ní 1937. Àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́ ní Akíntọ́lá takú, láti inú rògbòdìyàn òṣèlú 1962, nígbà tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá kọ̀ láti fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Wọ́n kórìíra èpò náà nítorí pé kò ṣeé pa run. Síbẹ̀, ní báyìí tí ilẹ̀ kì í ráyè sinmi ju ọdún mélòó kan lọ, òun ló ń tètè bo oko tí a fi sílẹ̀, tó ń borí koríko ẹ̀kan, tí ewé rẹ̀ sì ń yára jẹrà di ilẹ̀dú.