Òṣómàáló: Ohun Tí Ọ̀dọ́ Oníṣòwò Ń Kọ́ Lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí a bá dárúkọ òṣómàáló, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun kò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun, ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìparí òwò náà nìyẹn. Ìbéèrè tó jẹ mí lógún ni pé: ta ló kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ẹni tó ṣeé ta àwìn fún?

Lẹ́yìn tí ibùdó ogun Kírìjì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìjẹ̀ṣà kọjú sí òwò. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, aṣọ òyìnbó sì túbọ̀ súnmọ́ wọn. Wọ́n ń ru aṣọ wọ àwọn abúlé Èkìtì àti ibòmíràn, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí báńkì tí yóò sọ fún àlejò pé àgbẹ̀ báyìí ṣeé fọkàn tán. Ọmọṣẹ́ tó ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kiri ló ń fi ojú ara rẹ̀ rí i: ẹni tí kòkó rẹ̀ ti ń so, ẹni tí ẹbí rẹ̀ yóò dúró fún, oṣù tí owó ń wọlé. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá dá a sílẹ̀, ìmọ̀ yìí ni owó òwò rẹ̀ gan-an. Aṣọ, ẹnikẹ́ni lè rí i gbà.

Ìwé J. D. Y. Peel lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà (1983) kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lórí òwò yìí. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ààlà irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ ní ohun kan náà ti mú kí gbogbo wọn gbára lé ohun kan náà. Kòkó ni wọ́n fi ń wọn oníbàárà. Nígbà tí iye kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àgbẹ̀ olóòótọ́ àti aláìṣòótọ́ di ọ̀kan náà lójú ẹni tó wá gbowó. Ẹni tí ọ̀dọ́ oníṣòwò ìbá sì bi léèrè, ọ̀nà kan náà ni òun náà gbà kọ́ṣẹ́.