Ọ̀fẹ́ Ju Ọ̀fẹ́ Lọ: Àwọn Sọ́fítíwíà àti Géèmù Tí Ìdílé Lè Gbà Láì San Kọ́bọ̀

Bí ọ̀pọ̀ ìdílé bá ra kọ̀ǹpútà wálé, ohun tí wọn kì í ṣírò mọ́ owó rẹ̀ ni sọ́fítíwíà, ìyẹn àwọn ètò tí èèyàn fi ń kọ lẹ́tà, tó fi ń wo fíìmù, tó sì fi ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ayédèrú ni wọ́n máa ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀, ojúlówó pọ̀ tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní kí aráyé máa lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀fẹ́ kọ́ ló rí bákan náà.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èkíní ni èyí tí ẹni tó ṣe é tú àṣírí bó ṣe ṣe é sílẹ̀, tó sì fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti dà á kọ fún ẹlòmíràn. Richard Stallman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kéde iṣẹ́ GNU lórí irú òmìnira yìí ní ọdún 1983, ìwé àṣẹ GPL tó gbé jáde ní ọdún 1989 sì ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ń tẹ̀ lé títí dòní. Èkejì kì í gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò tú àṣírí rẹ̀, ó sì lè fi ààlà sí lílò rẹ̀. Irú rẹ̀ ni IrfanView, tí wọ́n fi ń wo fọ́tò láti ọdún 1996. Ọ̀fẹ́ ni nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ sanwó. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìtọ́wò. WinRAR, tí wọ́n fi ń ki ọ̀pọ̀ fáìlì sínú ẹyọ kan, fún èèyàn ní ọjọ́ 40 láti dán an wò. Lẹ́yìn ìyẹn, rírà ló yẹ kí ó rà á.

Oríṣi kìíní ló ṣàǹfààní jù fún ìdílé. Fún ìwé kíkọ àti ìṣirò, LibreOffice (libreoffice.org) ni aṣíwájú. Inú OpenOffice.org ló ti yà jáde ní ọdún 2010. Ó ń ṣí ìwé tí wọ́n fi Word àti Excel ṣe, ó sì ń tọ́jú wọn pa mọ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n to àwòrán àti tábìlì sínú rẹ̀ gan-an lè yí ìrísí padà díẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Fún fíìmù àti orin, VLC (videolan.org) kò láfiwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1996, ó sì di ohun tí gbogbo èèyàn láṣẹ láti lò ní ọdún 2001. Fáìlì tí òmíràn kọ̀ láti ṣí, VLC sábà máa ń ṣí i. Audacity (audacityteam.org) wà fún gbígba ohùn sílẹ̀ àti títún un ṣe. GIMP (gimp.org) wà fún títún fọ́tò ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní sùúrù.

Àwọn ọmọdé náà ní tiwọn. Tux Paint (tuxpaint.org), tó jáde ní ọdún 2002, ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà. GCompris (gcompris.net), tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2000, ní eré ẹ̀kọ́ tó ju 100 lọ, látorí lẹ́tà kíkà títí dé ìṣirò. Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, SuperTuxKart (supertuxkart.net) jẹ́ ìdíje ọkọ̀ tí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jọ ṣe lórí kọ̀ǹpútà kan, àmọ́ ó lè wúwo fún kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Kò sí èyí tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ lè gba Keyman (keyman.com), tó ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé èdè wa.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ibi tí èèyàn ti gba nǹkan ṣe pàtàkì bí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn tó ń ṣe GIMP kó kúrò lórí SourceForge, ibi tí wọ́n ti ń pín in, nítorí àwọn ìpolówó tó ń tan èèyàn jẹ. Ní ọdún 2015, wọ́n tún fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi ohun tí kì í ṣe tiwọn mọ́ GIMP fún àwọn tó wá gbà á. Àwọn tó ra SourceForge ní ọdún 2016 ló fòpin sí àṣà náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ojúde ẹni tó ṣe nǹkan ló dára kí èèyàn ti gbà á, kì í ṣe ibi àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ìṣèwádìí bá gbé síwájú. Bí sọ́fítíwíà bá ń béèrè ìbéèrè nígbà tó ń wọlé, kí èèyàn kà á kó tó tẹ bọ́tìnnì. Èyí tó bá sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ayédèrú ṣe sábà máa ń wí, kí wọ́n sá fún un. Ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì àti fọ́tò ìdílé lè bá a lọ.

Owó dátà náà ń kọ́? LibreOffice nìkan ju 300MB lọ lórí Windows. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìwé àṣẹ oríṣi kìíní ti fàyè gba dídà á kọ, ẹnì kan ní àdúgbò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, kó sì fi fúláàṣì gbé e fún ilé mẹ́wàá tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹni tó gbà á kò jalè, ẹni tó fún un náà kò sì rú òfin.