Omi Èso Tí A Sè Di Oyin: Dínyà, Àjàrà àti Ìtàn Ohun Adùn ní Agbègbè Minna

Àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí oúnjẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ kì í sábà ka ohun adùn ju méjì lọ: oyin tí a ń fà nínú igbó, àti ṣúgà tí ó ti òkè òkun wá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ méjèèjì tán, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá, òun sì ni omi èso tí a sè lórí iná títí tí ó fi ki bí oyin. Ní Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí àwọn Gbagyi, àwọn Nupe tí Yorùbá ń pè ní Tápà, àwọn Haúsá àti àwọn Yorùbá jọ ń gbé, láti Jikpan dé àwọn àdúgbò yòókù, ẹ̀kẹta yìí ní orúkọ nínú èdè tí wọ́n fi ń nájà. Madi ni àwọn Haúsá ń pè é.

Ọ̀kan nínú àwọn èso tí a fi ń ṣe madi ni dínyà. Igi yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Vitex doniana. Dinchi ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn Gbagyi, òórí ńlá sì ni lẹ́nu àwọn Yorùbá. Igi ọ̀dàn ni, ó wà láti Senegal títí dé ìlà-oòrùn ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ewé rẹ̀ a máa là sí márùn-ún bí ìka ọwọ́, àwọn ènìyàn sì ń jẹ ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀fọ́. Bí èso rẹ̀ bá ṣì wà ní àìpọ́n, àwọ̀ ewé ni ó ní. Bí ó bá pọ́n, a dúdú kirikiri, a sì rọ̀. Kóró kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, kóró náà tóbi, ó sì le, ẹran tí ó yí i ká kò pọ̀. Èyí ni ó fà á tí ẹni tí ó fẹ́ fi dínyà ṣe madi fi ní láti kó o jọ ní agbọ̀n-agbọ̀n kí ó tó lè rí ohun díẹ̀ mú jáde.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ni ó gba sùúrù. A ó ṣa èso tí ó ti pọ́n, a ó fọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó sì fọwọ́ rá a títí tí ẹran rẹ̀ yóò fi kúrò lára kóró. A ó sẹ́ ẹ, a ó sì gbé omi rẹ̀ kaná. Láti ìgbà yìí lọ, ẹni tí ń sè é kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìkòkò. Bí iná bá ti pọ̀ jù, ìdí ìkòkò yóò jó, gbogbo rẹ̀ yóò sì korò. Bí omi bá ti ń fẹ́ lọ ni adùn tí ó kù ń pọ̀ sí i, títí tí ohun tí ń mú oúnjẹ kan kò fi ní lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí madi fi lè pẹ́ lẹ́yìn tí àsìkò èso ti kọjá. Wọ́n ń fi í sínú kunu àti fura, wọ́n sì ń fi í jẹ màsà.

Ohun tí a ń fi dínyà ṣe yìí ni àwọn ará ìhà Mẹditaréníà ti ń fi èso àjàrà ṣe láti ayébáyé. Dibs ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, pekmez ni lẹ́nu àwọn ará Tọ́kì, petimezi sì ni lẹ́nu àwọn Gíríìkì. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì náà sè é. Àwọn òǹkọ̀wé wọn tilẹ̀ gbà wọ́n níyànjú pé inú ìkòkò òjé ni kí wọ́n ti máa sè é, ìmọ̀ràn tí kò sunwọ̀n rárá, nítorí májèlé ni òjé. Ìkòkò amọ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ àjàrà yìí kan èdè Yorùbá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Nínú Bíbélì, Jékọ́bù fi oyin kún ẹ̀bùn tí ó fi ránṣẹ́ sí ìjòyè Íjíbítì. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ́ oyin gidi, ó sì lè jẹ́ omi déètì tàbí ti àjàrà tí a sè. Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìtumọ̀ náà lo oyin, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Nínú èdè Yorùbá, oyin ni kòkòrò, oyin ni omi rẹ̀, oyin náà ni a sì fi ń ṣe àpèjúwe ohun gbogbo tí ó bá ki tí ó sì dùn. Crowther kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Nupe pẹ̀lú. Ó wà nínú ìrìn-àjò Odò Ọya ti 1857, nígbà tí ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ nítòsí Jẹ́bà, ó sì tẹ ìwé gírámà èdè Nupe jáde ní 1864.

Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí lórí ọ̀nà tí ohun adùn gbà wọlé. Ìrèké ni Yorùbá ń pè é, rake ni Haúsá ń pè é. Ó jọ pé orísun kan náà ni orúkọ méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ohun tí a sè láti ara ìrèké, ọ̀nà pínyà. Sukari ni Haúsá ń wí, láti inú èdè Lárúbáwá. Ṣúgà ni Yorùbá ń wí, láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan gba aṣálẹ̀ wá, ìkejì gba etí òkun. Níbi ìsọmọlórúkọ, oyin, àádùn àti ìrèké ni a kọ́kọ́ mọ̀. Ṣúgà tí ó ti wà lórí àwo lónìí, àlejò ni.

Sísè ìrèké di ṣúgà kò sì dúró de òyìnbó ní òkè ọya. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì tí ó dé Sókótó ní 1853, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Fúlàní kan wà ní agbègbè náà tí ó ti gbé ní Bùràsíílì rí, tí ó gbin ìrèké tí ó sì ń sè é. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ṣúgà ti Bùràsíílì ní ọ̀rúndún yẹn, ó mọ ohun tí ojú ẹrú ń rí lóko ìrèké. 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀.

Kí ló dé tí omi èso fi ń pàdánù ipò rẹ̀ fún ṣúgà? Ìtàn ilẹ̀ Faransé dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Ní 1806, Napoleon ti èbúté Yúróòpù mọ́ ọjà Gẹ̀ẹ́sì, ṣúgà ìrèké láti àwọn erékùṣù Karíbíà sì di ọ̀wọ́n. Antoine Parmentier, apòògùn tí ó ti sọ ọ̀dùnkún di oúnjẹ gidi lójú àwọn ará ìlú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń sè omi àjàrà dípò ṣúgà. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan ni ìjọba fi kún un lọ́wọ́. Nígbà tí ó di 1812, Benjamin Delessert ti rí ọ̀nà yọ ṣúgà dáadáa lára bíìtì, ọ̀rọ̀ àjàrà sì rọlẹ̀. Kì í ṣe pé omi àjàrà kò dùn. Ó ní àwọ̀, ó ní òórùn tirẹ̀, kò ṣeé dà sínú àpò kí a sì kó o rìn jìnnà. Ohun tí ó bá funfun tí ó sì gbẹ ni oníṣòwò ń fẹ́.

Bákan náà ni ó rí ní Minna. Láàrin 1907 àti 1911 ni wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Baro dé Kánò, ọ̀nà tí ó ti Èkó wá sì pàdé rẹ̀ ní Minna. Ọkọ̀ tí ń kó ẹ̀pà àti òwú sọ̀ kalẹ̀ kì í padà lófìfo. Ọjà òkè òkun ni ó ń rù gòkè. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba fẹ́ kí ṣúgà náà jẹ́ ti ilé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Bacita, ní àfonífojì Odò Ọya nítòsí Jẹ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní 1964. Ilẹ̀ Nupe ni wọ́n ti rí àkùrọ̀ tí ó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Bacita rẹ̀yìn nígbà tí ó yá, ìjọba sì tà á fún aládàáni. Ní 1993 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ṣúgà kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, oko ìrèké ńlá ti Sunti ní agbègbè Mokwa sì ṣí ní 2018. Síbẹ̀, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà Nàìjíríà ṣì ti ń wá. Madi pàápàá ti yí padà: púpọ̀ nínú èyí tí a ń tà lọ́jà lónìí, ìrèké ni wọ́n fi sè é, kì í ṣe dínyà.

Ní 1996, M. K. Egbekun, J. I. Akowe àti R. J. Ede tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí omi dínyà tí a sè, wọ́n sì rí i pé ó lè dípò àwọn omi dídùn mìíràn tí a ń fi sí oúnjẹ. Ohun tí àwọn arúgbó obìnrin ti mọ̀ tipẹ́ ni ó gorí ìwé. Ó yẹ kí a fi kún un pé adùn ni adùn ń jẹ́: ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ kò lè torí pé inú èso ni madi ti wá kí ó máa mu ún ní ìmukúmu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ewu jù báyìí ni igi náà. Igi dínyà wà lára àwọn tí wọ́n ń gé ṣe igi ìdáná àti èédú, bẹ́ẹ̀ ni kóró rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó hù. Púpọ̀ nínú àwọn igi tí ń so lónìí ni ẹnikẹ́ni kò gbìn. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n dá wọn sí, pẹ̀lú igi èmi àti igbá, nígbà tí wọ́n ń ṣán oko.