Kámẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú: Láti Ayé Brownie Dé Ayé Dígítà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó tí a fi ra kámẹ́rà nìkan ni a fi ń mọ èyí tí ó dínwó. Ìtàn tako èrò yìí. Kodak àkọ́kọ́ tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1888, dọ́là 25 ni. Nígbà tí ó di 1900, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Brownie jáde: àpótí páálí lásán, dọ́là 1 péré, tí ọmọdé pàápàá lè lò. Ṣùgbọ́n àwòrán 6 ni fíìmù rẹ̀ ń gbà, sẹ́ǹtì 15 sì ni fíìmù náà. A kò tíì sọ ti owó fífọ̀ rẹ̀. Instamatic ti 1963 mú ìrọ̀rùn wá, nítorí inú ike ni fíìmù rẹ̀ wà. Síbẹ̀, ìnáwó kò tán.

Kámẹ́rà dígítà kékeré ni ó mú ìnáwó orí fíìmù kúrò. Ẹni tí ó bá ní in ní Keteren Gwari níhìn-ín lè ya ọgọ́rùn-ún àwòrán láìfọ ọ̀kan. Àmọ́ bí káàdì inú rẹ̀ bá bàjẹ́, gbogbo wọn lọ nìyẹn.

Nẹ́gátíìfù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é fi pamọ́, ó sì ṣe é tẹ̀ léraléra. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Stephen Sprague rí i, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978, pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a tẹ àwòrán èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọn a yà á. Wọn a sì tún wọ ti obìnrin fún un.