Àbíkú, Ẹ̀jẹ̀ àti Ogún Tí Òbí Méjèèjì Ń Pín Fún Ọmọ

Ní agbègbè Atakpamé, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá yòókù, ta ni kò mọ ìyá tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́? Àwọn àgbà ní àbíkú ni. Wọ́n á sọ ọmọ tó tún dé ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Nígbà mìíràn wọ́n á fi abẹ kọ ọ́ lára. Ìyá ni wọ́n sì sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣé òun nìkan ló lẹ́bi? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ní ọdún 1910, dókítà James Herrick ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Wóró ẹ̀jẹ̀ tó dára a máa rí roboto. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tẹ̀ bíi dòjé. Irú wóró bẹ́ẹ̀ a máa há sínú iṣan, egungun á sì máa ro aláìsàn. Àrùn náà ni à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Báwo ló ṣe ń dé ara ọmọ? Ní 1883, Edouard van Beneden, ará ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, yẹ ẹyin aràn inú ẹṣin wò. Ó rí i pé akọ mú ìdajì ogún wá, abo mú ìdajì wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn. Méjì-méjì ni ogún inú ara wa. Nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, ó máa ń pín wọn yà, kí ọ̀kan péré lè wọ inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá pín wọn, ọmọ ì bá ní mẹ́rin, ọmọ-ọmọ ì bá ní mẹ́jọ.

Ní 1949, James Neel fi hàn pé ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni àrùn yìí ti ń wá. Ẹ pe ogún rere ní A, ẹ pe ti àrùn ní S. Ẹni tó ní AS kì í ṣàìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, ó dà bí ẹni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ju owó ẹyọ kan sílẹ̀. Bó ṣíjú sókè, A ni. Bó dojú dé, S ni. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí owó méjì lè gbà ṣubú, ọ̀kan ni méjèèjì ti dojú dé. Ọmọ SS nìyẹn. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń tún owó náà jù. Owó ẹyọ kì í rántí bó ṣe ṣubú lánàá.

Kí ló dé tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í sábà pa ọmọ AS. Ogún kan náà ń gba ẹlòmíràn là.

Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni fòníkú-fọ̀ladìde. Ibà àti èéyí náà pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ìyá nìkan lẹ́bi mọ́. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ́ra. Bí ọmọ bá ní àrùn náà, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú ló nílò, kì í ṣe abẹ.