Ilé Amọ̀ Tí Òyìnbó Ń Sanwó Sùn

Bí ẹ bá sọ fún ọmọ Òpèbí lónìí pé ilé amọ̀ wà ní àdúgbò náà rí, ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kò jọ bẹ́ẹ̀: láti Allen bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, báńkì ni, òtẹ́ẹ̀lì ni, ilé alájà mẹ́rin márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé oko àti abúlé àwọn Àwórì ni gbogbo rẹ̀, kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó wá tẹ́ àgbègbè ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950. Ní 1962 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní 1960, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò. Ní tèmi o, ọdún 1960 yẹn ni mo máa ń kà sí ọdún tí àìsàn ikú mú ilé amọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí àpò sìmẹ́ńtì bá ti kún ọjà, ta ni yóò tún bọ́ sí kòtò láti máa fẹsẹ̀ po yẹ̀pẹ̀?

Ilé amọ̀ ni ilé bàbá mi. Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń mọ ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da omi sí yẹ̀pẹ̀ pupa inú rẹ̀, àwọn géńdé á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà bí iyán. Wọ́n á wá máa sọ ọ́ ní ìṣù-ìṣù sí mọlémọlé lọ́wọ́, ìyẹn á máa tò ó yí ilé ká dé nǹkan bí orúnkún. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó tún gun ìpele kejì lé e. Ẹni tó bá kánjú, ilé rẹ̀ á wó lé e lórí. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́ ara ilé amọ̀ wọn, kó lè dán, kí àlejò má baà mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ilé tiwa náà gba tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sìmẹ́ńtì ọ̀hún ń ṣí kúrò lára ògiri bí èèpo iṣu, ó sì ń bọ́ tòun tamọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní amọ̀ ló burú.

Agadez ni mo ti gbọ́ ìdí rẹ̀, ní ìlẹ̀kùn aṣálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger.

Ọbí ló gbé mi débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìtàn Agége dáadáa, ẹ ó mọ̀ pé gbàǹja ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ìlú olówó, kó tó di ìlú oníbúrẹ́dì. Àbàtà ni àwa fi ń bọ òrìṣà, gbàǹja ni àwọn Hausa ń fẹ́, ilẹ̀ Agége sì gbà á dáadáa. Láti 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò ni agbọ̀n gbàǹja ti ń wọkọ̀ ní Agége, tí wọ́n fi ewé tútù dì kó má baà gbẹ. Láti Kánò, àwọn oníṣòwò á gbé e wọ inú aṣálẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú òwò náà títí ó fi dàgbà. Ní 1986, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé dá èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lọ́jọ́ kan náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ẹnubodè tí wọ́n ti tì láti 1984. Bàbá àgbà ní, "Dìde ńlẹ̀, jẹ́ ká lọ gba owó tí wọ́n jẹ mí." Bí mo ṣe bá wọn lọ nìyẹn, Kánò, Zinder, Agadez, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè bí abẹ.

Alhaji tó jẹ wọ́n lówó kò lówó lọ́wọ́. Ilé ló ní. Ó fi wá wọ̀ sínú ilé kan tó jogún nínú ìlú àtijọ́, ó ní ká máa sùn níbẹ̀ títí òun yóò fi rí owó kó jọ. Ẹ ò rí i pé ilé ìsinmi àwọn òyìnbó ni! Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Faransé àti Jámánì máa ń wá lóṣù ọyẹ́ láti wo aṣálẹ̀; àwọn oní-mọ́tò eré ìje Paris sí Dakar náà máa ń gba Agadez kọjá. Wọ́n á sanwó gidi láti sùn nínú yàrá amọ̀. Èmi tí mo ti Òpèbí wá, tí àwọn ẹbí mi ń kó owó jọ láti wó ilé amọ̀, mo jókòó sórí ẹní mo kan ń wò ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe yàrá náà. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo nà apá mi sójú fèrèsé tí ọwọ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ yọ síta. Lọ́sàn-án, bí oòrùn ti ń yan àwọn ará ìta, inú rẹ̀ tutù. Lóru, tí òtútù aṣálẹ̀ bá wá mú, ògiri á máa tú ooru tó ti gbà lọ́sàn-án sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òpó amọ̀ méjì ló gbé àjà, ẹni tó mọ wọ́n sì fi ọwọ́ lásán yọ ọnà sí wọn lára: ìdì okùn tó lọ́ wọ ara wọn, ìràwọ̀, àti àwòrán kan tó dà bí ìwo. Ó gbẹ́ ihò síhìn-ín sọ́hùn-ún lára ògiri, a ń gbé àtùpà sí òmíràn, ìwé Kùránì wà nínú òmíràn. Awọ tí àwọn obìnrin Tuareg kùn ní pupa àti àwọ̀ ewé wà lórí ẹní, àgbélébùú Agadez tí àwọn alágbẹ̀dẹ wọn ń fi fàdákà rọ sì wà lórí èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. (Wọ́n ń pè é ní àgbélébùú o, ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni wọ́n, ohun ọ̀ṣọ́ ni.) Kò jìnnà síbi tí a wà ni ilé tí wọ́n ń pè ní ilé oníbúrẹ́dì, ilé Sidi Ka, tí ọnà amọ̀ inú rẹ̀ tún ju èyí lọ fíìfíì, tí àlejò ń sanwó láti wò.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ jẹ́ àlejò inú amọ̀ ní ìlú yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1850, ọmọ Jámánì kan, Heinrich Barth, wọ Agadez. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló rán òun, James Richardson àti Adolf Overweg wá wo inú ilẹ̀ Áfíríkà. Barth fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn, ó wá sí Agadez lóun nìkan, ó sì fi nǹkan bí ogúnjọ́ gbé inú ilé Annur, olóyè àwọn Tuareg Kel Ewey. Ọkùnrin yìí kì í sùn lásán. Ó ń ya àwòrán ìlú láti orí òrùlé, ó ń bi ará ọjà léèrè iye owó ọjà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí owó kankan lọ́jà Agadez nígbà náà, kò sí wúrà, kò sí fàdákà, owó ẹyọ pàápàá kò sí. Ọkà bàbà kékeré ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye gbogbo nǹkan. Ó tún gbọ́ ọ pé èdè ará ìlú bá èdè Timbuktu tan, ó sì mọ̀ pé ogun Songhai ti ìgbà Askia Muhammad ló gbé e débẹ̀. Richardson kú ní Bornu ní 1851, Overweg kú ní 1852, Barth nìkan ló padà délé ní 1855. Ilé tó sùn sí ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré.

Àgbà gbogbo ilé amọ̀ Agadez ni ìkirun mọ́sálásí ńlá. Ìtàn sọ pé ọdún 1515 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì tún un mọ ní 1844. Mítà 27 ni gíga rẹ̀, amọ̀ pátápátá sì ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rí igi ṣóńṣó tó yọ síta lára rẹ̀ yípo bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn igi yẹn ló di amọ̀ mú nínú, àwọn ni àwọn mọlémọlé sì ń gùn bí àkàsọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún un rẹ́. Ẹni tó kọ́ ọ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé wọn yóò máa tún un rẹ́ títí ayé.

Níbi ọ̀rọ̀ rírẹ́ yìí ni mo ti bi Alhaji nípa ilé wa. Mo gbọ́ Hausa díẹ̀ láti Agége. Ó ní, "Bayarabe, sìmẹ́ńtì lẹ fi rẹ́ amọ̀?" Ó di ọwọ́ mú imú ara rẹ̀ pa. Ó ní ògiri amọ̀ ń mí: ó ń mu omi, ó sì ń tú u jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi tó gba ìsàlẹ̀ tàbí ojú sísán wọlé kò ní ríbi jáde mọ́, ògiri á máa rà nínú lọ́hùn-ún, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń dán lójú yín. Lọ́jọ́ kan ṣáá ni èèpo á bọ́. Mo ní kí ni wọ́n wá ń lò? Ó ní amọ̀ àti koríko ni, àti ìgbẹ́ ẹran. Ó ní ní ìhà Kánò, tí òjò ti pọ̀ ju tiwọn lọ, omi èèpo igbá ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń pè ní makuba, tàbí pàǹtí tó kù sí ìsàlẹ̀ kòtò aró, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Igbá tí mo ń sọ yìí, igi ìrú ni o! Àwa náà ní igi igbá, àwa náà ń pa aró, láti Abẹ́òkúta dé Òṣogbo.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé àwọn ará aṣálẹ̀ nìkan ló mọ bí a ṣe ń kó ọnà sínú ilé amọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin olórìṣà Ìkirè ló ń fi àwọ̀ ya ògiri amọ̀ ojúbọ wọn, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un yà. Láàfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sínú àgbàlá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ìlú ọba, kò sì padà wálé mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú ọba pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Igi ṣeé gbé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ọnà ara òpó yàrá tí mo sùn sí, erùpẹ̀ ni yóò bá nínú àpò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọnà ilé amọ̀ kò fi sí nílùú ọba, ìdí nìyí náà tí kò fi sí ẹni tó lè rí i mọ́ bí àwọn onílé kò bá lówó.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló wá dé bá wọn. Nígbà tí ìjà àwọn Tuareg pẹ̀lú ìjọba Niger bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, àwọn òyìnbó dẹ́kun wíwá. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1995, àwọn àlejò tún ń yọ́ padà, ni ìjà mìíràn tún bẹ́ ní 2007 títí di 2009. Ilé amọ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ogun. Bí ọdún méjì mẹ́ta bá kọjá tí wọn kò rẹ́ ẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2009, àgbàrá òjò tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní aṣálẹ̀ ya wọ Agadez, ó sì wó ilé púpọ̀. Alhaji ti kú nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ mí láago, ó ní yàrá òlópòó méjì ti lọ. Mo ní ẹ tún un mọ. Ó ní, "Bàbá, amọ̀ rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀ níbẹ̀, a ò tíì kó o. Ẹni tó ya ọnà yẹn ni kò sí." Wọ́n fi amọ̀ náà mọ yàrá mìíràn, ògiri rẹ̀ lọ gbọnrangandan, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ní 2013, UNESCO kọ ìlú àtijọ́ Agadez, àdúgbò mọ́kànlá, sínú ìwé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo àgbáyé. Ó dára, ṣùgbọ́n àlejò tó ń wá nígbà náà kì í ṣe àlejò ìsinmi. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí Libya ló kún ìlú, wọ́n sì ń gba ilé amọ̀ wọ̀nyẹn sùn, ẹni mẹ́wàá nínú yàrá tí òyìnbó méjì ń gbà rí. Ọmọ Alhaji sọ fún mi pé òun gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn lójoojúmọ́, àwọn kan tiẹ̀ sọ pé Ìkẹjà làwọn ti ń bọ̀. Ní 2015, ìjọba Niger ṣe òfin tó fi òwò gbígbé irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀, owó yẹn náà dá. Ìfipá-gbàjọba wáyé ní oṣù keje 2023. Ní oṣù kọkànlá wọ́n fagi lé òfin náà. Ní oṣù kẹjọ 2024, òjò wó mọ́sálásí ńlá Zinder, ilé amọ̀ tó ti wà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan àti ààbọ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ti Zinder, mo pe ọmọ Alhaji. Mo bi í bóyá àwọn òyìnbó ti ń padà wá. Ó ní rárá. Mo ní ta ló wá ń rẹ́ ilé? Ó ní òun àtàwọn ọmọ òun ni, kí oṣù òjò tó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí òjò ń gbà wá nìkan ni agbára àwọn ká.